Obìnrin tó ń Gbé Ẹsẹ̀ Sórí Ayélujára

Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn, oòrùn máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, á na ara rẹ̀ sórí àga ńlá tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, bí ẹni tó wá gba ìtọ́jú. Ní ọdún àkọ́kọ́, oòrùn yẹn ni oníbàárà tó dé ibẹ̀ jù lọ. Dókítà ẹsẹ̀ ló ni yàrá náà, láàárín ilé alágbàfọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta awò ojú. Ẹni tó wá gba aṣọ tó kó fún alágbàfọ̀ á ka pátákó ẹnu ọ̀nà, á béèrè pé ṣé ẹsẹ̀ náà ní dókítà ni, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ gan-an ló fi iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Aránṣọ ni ìyá yìí, ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi tọ́ ọmọ méjì. A máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun rán ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, èékánná gígé ló kọ́ bọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọmọ náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún dé eegun.

Àbúrò rẹ̀ ló ní kó gbé iṣẹ́ náà sórí ayélujára. Ó kọ̀. Kí ni kóun máa fi hàn wọ́n, èékánná? Àbúrò ní bẹ́ẹ̀ ni, èékánná náà ni. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀. Kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, kì í sì í ya ojú ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ nìkan ni, tí ẹni tó ni ín bá ti gbà: ẹsẹ̀ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, gìgísẹ̀ tó ti sán, ọwọ́ rẹ̀ tó ń fi ọ̀bẹ kékeré ha awọ líle kúrò ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ á máa lọ lábẹ́ẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Á ní kí alátọ̀gbẹ máa fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, torí àìsàn yẹn a máa mú ẹsẹ̀ kú tipiri, ọgbẹ́ á wá máa jẹ ènìyàn láìdùn ún. Àwọn kan kọ̀wé pé ohùn yẹn làwọn fi ń sùn.

Kí ó tó mọ̀, àwọn tó ń wò ó ti pọ̀ bí eṣú. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ ni o, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní débẹ̀ láé. Ẹnìkan béèrè iye tó ń ta ẹsẹ̀ náà. Òmíràn ní ṣé ó lè bá òun tún ẹsẹ̀ ọkọ òun ṣe, kó lè máa tètè rìn wálé. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, àga náà ò sì ṣófo mọ́.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò wá, alátọ̀gbẹ sì ni. Ìgbàkígbà tí ọmọ bá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun wo ẹsẹ̀ rẹ̀, á ní ẹsẹ̀ òun ò ṣe nǹkan kan, á sì fa ìbọ̀sẹ̀ sókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, àwòrán kan wọlé sórí fóònù dókítà láti ojú ewé rẹ̀. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ ò sọ orúkọ. "Ìyá Àgbà Kan" ló pe ara rẹ̀. Ó ní ọmọ aládùúgbò kan ló júwe ojú ewé náà fún òun, pé bàtà ló bó òun lẹ́sẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀, kò tilẹ̀ dun òun, ṣé kóun máa fi omi iyọ̀ nù ún lọ? Dókítà wo àwòrán náà. Ọgbẹ́ dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò. Ìgbà tó wò ó dáadáa ló rí ìka kejì tó gun àtàǹpàkò náà lẹ́yìn, àti èékánná ìka kékeré tó pín sí méjì.

Yàrá náà lọ kúrò lójú rẹ̀. Ó tún di ọmọ kékeré tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, tí àjákù aṣọ ń já bọ́ lé e lórí, tí ẹsẹ̀ méjì yẹn ń tẹ irin ẹ̀rọ sókè sódò, sókè sódò, títí oorun fi gbé e lọ. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ìyá yìí fi ojú pamọ́, ó wá lọ fi ẹsẹ̀ han ẹni tí kò mọ ènìyàn níbòmíràn ju ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù bà á gidigidi, torí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Bó bá sì pe ìyá rẹ̀, á sẹ́ kanlẹ̀ ni. Ó bá fèsì bí àlejò. Ó ní kí ìyá má fi omi iyọ̀ kàn án mọ́, pé ọgbẹ́ náà ò gbọdọ̀ di ọ̀la, ṣé kò sí ọmọ tó lè bá a wá nǹkan ṣe ni?

Èsì pẹ́ kó tó dé. "Mo lọ́mọ. Iṣẹ́ yìí gan-an ló ń ṣe. Mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, ojú ń tì mí láti na ẹsẹ̀ sí i."

Ó sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó ti yàrá, ó gba inú òjò lọ sílé ìyá rẹ̀.

Ìyá ṣílẹ̀kùn fún un, fóònù lọ́wọ́, ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ní kí ló ń rìn nínú òjò báyìí fún, kó wọlé, òun ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó tẹ fóònù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nǹkan dún nínú àpò ọmọ. Ìyá wo àpò, ó wo ọmọ. Ọmọ yọ fóònù tirẹ̀ jáde, ó kà á níbi tó dúró sí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́."

"Mi ò ní sọ fún un, Màámi."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú ìyá, ẹkún tẹ̀ lé e. Ó jókòó, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ náà lé itan ọmọ rẹ̀. Ọgbẹ́ náà jìn ju bó ṣe rí nínú àwòrán lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá. Ọmọ tẹ èékánná àtàǹpàkò náà títí ó fi funfun, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó ń wò ó. Ìyá bi í pé kí ló ń retí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni. Bó bá ṣì ń dé ibẹ̀, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà ṣeé gbà là. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ èékánná yẹn. Díẹ̀díẹ̀, ó pọ́n padà.