Ọkọ̀ Tí Kì Í Ṣàìsàn ní Jídà

Ọkọ̀ tó bàjẹ́ kò burú tó ọkọ̀ tó ń bàjẹ́ lójú ẹnìkan ṣoṣo. Èmi ni ẹni náà.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ń lo dísẹ̀lì ni mo ń wà nílẹ̀ Sáúdì. Ọ̀gá mi, Lárúbáwá tí ìkámà mi, ìyẹn ìwé ìgbélùú, wà lórúkọ rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù ewébẹ̀ ní Al-Hujun, ní Mẹ́kà. Iṣẹ́ mi ni pé kí n gun òkè lọ sí Táífù nírọ̀lẹ́, kí n sùn síbẹ̀, kí wọ́n di ẹrù fún mi lẹ́yìn ìrun àsúbáà, kí n sì dé Mẹ́kà kí oòrùn tó mú ewébẹ̀ rọ.

Nígbà ooru, kò sí wàhálà, fáànù kékeré tí wọ́n so sókè orí mi ń fẹ́ mi. Bí òtútù ṣe wọlé báyìí, ọkọ̀ yarí. Orí òkè ni Táífù wà, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Màá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, iná kékeré tó ń ní kí n dúró kí ẹ́ńjìnnì gbóná á tàn. Màá dúró títí yóò fi kú, màá wá yí kọ́kọ́rọ́ tán. Ẹ́ńjìnnì á kàn máa wúkọ́, èéfín funfun á bo gbogbo wa, iná bátìrì á sì tán. Ìgbà tí oòrùn bá ta sí i lára dáadáa ló tó máa ṣiṣẹ́, ewébẹ̀ mi á sì rọ kó tó dé ọjà.

Mẹkáníìkì wa, Àlàájì kan láti Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ ní Jídà, ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Al-Ammariyah níbẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá a. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì dáhùn.

“Àbúrò, kí ló ṣe é?”

“Àlàájì, ní Táífù ni kì í ṣiṣẹ́, láàárọ̀.”

“Ó ń ṣiṣẹ́ níbí kẹ̀.”

Ó pààrọ̀ asẹ́ dísẹ̀lì. Mo dé Táífù, ó kọ̀. Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó tún kọ̀. Nígbà tí mo tún padà wá, ó ní kí n máa ṣe bísímílà kí n tó yí kọ́kọ́rọ́. Inú bí mi débi pé omi lé sí mi lójú. Ta ló sọ fún un pé mi ò ṣe é?

Ọ̀gá mi bá mi lọ sí Jídà lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì sì dìde níṣojú rẹ̀. Ó wò mí tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. “Kaddáábù,” ó ní, òpùrọ́ ni mí. Ó ní oorun ni mo ń sùn ní Táífù. Ó ní bí ewébẹ̀ bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, khurúùjì ni, kí n gba ilé mi lọ pátápátá. Iṣẹ́ yìí sì ni ìyàwó àti àwọn ọmọ mi ní Ìsẹ́yìn ń jẹ.

Mo padà lọ bá Àlàájì. “Ẹ gbéra,” mo ní. “Ẹ wá sùn ní Táífù kí ẹ fojú ara yín rí i.” Ó kùn títí, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé mi.

Lẹ́yìn àsúbáà, wọ́n di ẹrù tán. Àlàájì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora dé imú. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Ẹ̀rù ọ̀gá mi bà mí, síbẹ̀ inú mi dùn pé ojú ẹlòmíràn náà ti rí i.

Àlàájì bọ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fọwọ́ kan àwọn híítà, irin kéékèèké tó yẹ kó gbóná kí dísẹ̀lì tó lè gbiná. Iná kékeré iwájú mi ń tàn, ṣùgbọ́n híítà tutù. Ó wá wáyà tó ń gbé iná fún wọn, kò rí i. Ó wá dìde, ó ń wo òkè orí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì. Mo gbójú sókè. Fáànù ni.

Àlàájì ló so fáànù yẹn mọ́ ibẹ̀ nígbà ooru, ó ní àánú mi ń ṣe òun. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún gbogbo awakọ̀ Jídà.

“Wáyà híítà ni mo fi so ó,” ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ní Jídà, ta ló ń lo híítà?”

Mo lọgun mọ́ ọn débi pé àwọn tó di ẹrù sá sẹ́yìn. Ó tú fáànù kúrò, ó yọ wáyà náà, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo dúró, ẹ́ńjìnnì sì dún.

A sọ̀kalẹ̀ sínú ooru. Òógùn bo Àlàájì. “Ooru yìí mà pọ̀ o,” ó ní. Mo yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi sílẹ̀.

Ní Al-Hujun, ọ̀gá mi gbé ewébẹ̀ wò, ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé o rí i? Ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan. O tètè jí lónìí ni.” Ó wọ ọkọ̀ kí n gbé e délé. Ó gbójú sókè. “Fáànù dà? Sọ fún mẹkáníìkì yìí kó dá a padà.”

Àlàájì wolẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìwé mi ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, “ó dáa, ọ̀gá” nìkan ni mo mọ̀ ọ́n wí fún un.

“Rárá,” mo ní.

Ó yíjú sí mi. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn àga, mo ya ẹ̀gbẹ́ páálí tòmátì òfìfo kan, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó wo páálí, ó wò mí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ara rẹ̀.