Ọ̀wẹ̀ Tí A Gbé Lọ sí Bódìjà

Wọ́n pín ajílẹ̀ ìrànwọ́ ìjọba fún àwọn tí kò ní oko, wọ́n sì fi orúkọ wọn pamọ́ fún àwa tí a ní.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Ojoo nígbà náà. Àgbowó ni mò ń gbé, mo ti ka ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo sì gbà pé ẹni tó bá kọ lẹ́tà dáadáa yóò rí èsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń pín ajílẹ̀ náà ní Ring Road: ta ni ẹ fún, níbo ni oko wọn wà? Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí mo padà lọ, ọ̀gá ibẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀.

"A ò rí lẹ́tà kankan."

"Òǹtẹ̀ yín rèé, sà."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo fẹ́ máa yẹ ìjọba wò?"

A ò dákẹ́. Nígbà tí ariwo wa pọ̀, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó gba ajílẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan; kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fà á ya. Mo ti fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó fà á ya. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ṣoṣo níbẹ̀.

Mo kà á fún wọn nípàdé. Màmá Àbẹ̀ní, opó tó ń gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ onílẹ̀, dá mi dúró níbi tí wọ́n ti kọ ogún àpò síwájú orúkọ ẹnìkan.

"Akọ̀wé, tún ibẹ̀ kà. Oko ẹ̀ wà níbo?"

"Bódìjà, mà. Inú Ẹ́sítéètì."

"Àgbẹ̀ bíi tiwa náà ni. Ẹ jẹ́ ká lọ bá a ṣe ọ̀wẹ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, bí iṣẹ́ oko bá wọ ẹnìkan lọ́rùn, gbogbo wa la máa gbé ọkọ́ lọ bá a; tirẹ̀ ni kó fi ààlà hàn wá, kó sì wá nǹkan tí a máa jẹ. Mo ní ká lọ, kí kálukú mú ọkọ́ rẹ̀ dání. Àṣìṣe mi nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó rí i bí àṣìṣe, torí ta ló ń lọ sí ọ̀wẹ̀ lọ́wọ́ òfo?

Nígbà tí a kan géètì, ọ̀gá tó ni ilé náà, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, jáde wá fúnra rẹ̀ nínú jàlámíà funfun.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Màmá Àbẹ̀ní wí. "Ọ̀wẹ̀ la wá bá yín ṣe. Ẹ fi ààlà oko hàn wá."

"Oko wo?"

"Èyí tí ẹ fi gba ogún àpò ajílẹ̀."

Íńtálọ́ọ̀kì ni wọ́n fi bo gbogbo àgbàlá náà, láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Jímọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nínú ẹgbẹ́ wa, na ọkọ́ sí ìkòkò òdòdó kan: "Àbí ibí yìí la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Òógùn bo ọ̀gá náà. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, mi ò rí àpò kankan o! Àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ajílẹ̀ yẹn ló ní kí n fún òun ní orúkọ mi."

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti pe ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní ohun ìjà la gbé wá, wọ́n kó ọkọ́ wa dà sínú ọkọ̀ wọn, ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ ká ro oko àgbàdo gan-an.

"Ọmọ mi, kí ni mo máa fi roko lọ́la?" Màmá Àbẹ̀ní bi ọ̀kan nínú wọn.

"Màmá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó yín wá."

Èmi ló kó wọn wá. Kí wọ́n tó dá ọkọ́ wa padà, koríko ti gba oko Màmá Àbẹ̀ní. Onílẹ̀ ní kò lágbára mọ́, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún ẹlòmíì. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá ni Màmá wà báyìí, ó ń gbin tẹ̀tẹ̀ sínú báfù tó ti fọ́.

Wọn kì í fa orúkọ ya mọ́. Ó máa ń wà lára ògiri títí òjò fi lọ, orúkọ àwọn kan nínú wa sì ti wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àánú ló ṣe wọ́n; ariwo ọ̀wẹ̀ yẹn ló fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí kò rí lẹ́tà mi ṣì wà lórí àga rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi àbúrò ìyàwó yẹn ní nǹkan kan.

Mo tún ń bi yín, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì yẹn: ta ló kó ogún àpò tí ọ̀gá Bódìjà ní òun ò rí? Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n fa orúkọ ya? Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, ẹ lu òǹtẹ̀ sí i, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí n lè mú Màmá Àbẹ̀ní débẹ̀, kí n sì kà á sí i létí.