Omi Irin Tí Ìyá Láàbù Pò Lánàá

Ó ti rẹ Ìyá Láàbù kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń gbà lọ. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń fọ túùbù, tó ń po kẹ́míkà, tó ń gbé omi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ilé-ìwé girama kan lẹ́yìn Jakande Estate ní Ìsọlọ̀. Àwọn méjì ni wọ́n jọ ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Lucy, ẹnì kejì rẹ̀, fẹ̀yìn tì, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni méjì wá já lé ẹnì kan tí orúnkún ń dùn lórí. Ṣé ọwọ́ mẹ́rin ló ní ni?

Nígbà tí ìdánwò kẹ́mísírì ìwé mẹ́wàá ku ọ̀la, ó fọ igba túùbù, ìbàdí ń ro ó. Ó wá ku iyọ̀ irin tó máa pò mọ́ omi nìkan. Oríṣi irin méjì làwọn ọmọ máa ń wá nínú omi. Bí wọ́n bá kán kọ́sítíìkì, omi sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, sí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á silẹ̀: ti àkọ́kọ́ á ní àwọ̀ ewé tó dọ̀tí, ti èkejì á pọ́n bí ìpẹtà. Ti àkọ́kọ́ ni ìdánwò fẹ́. Àmọ́ bó bá sùn mọ́jú nínú omi, afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di èkejì. Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an ni wọ́n ń pò ó.

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó kàn rò ó pé bí òun bá pò ó nírọ̀lẹ́, òun ò ní í jáde nílé òun ní Ṣógúnlé láago mẹ́rin ìdájí láti wá ọkọ̀ ní Òṣòdì. Oorun wákàtí kan péré ló ń wá. Ó pò ó, ó gbàgbé láti kán ásíìdì tí kì í jẹ́ kó tètè yí padà sí i, ó sì relé.

Nígbà tó ṣí láàbù láàárọ̀, omi náà ti pọ́n. Ó wo ìgò iyọ̀: èyí tó kù ò tó ọmọ mẹ́ta lò, ọgọ́ta ọmọ ló sì ń bọ̀. Ọdún kan àbọ̀ ló kù kí òun náà fẹ̀yìn tì, ọ̀gá àgbà sì ti kéde pé ẹni tó bá ba ìdánwò jẹ́, ilé ló ń lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ, tíṣà kẹ́mísírì, wọlé tòun ti fọ́ọ̀mù. Òfin ni pé kí tíṣà kọ́kọ́ dán kẹ́míkà náà wò, kó kọ ohun tó rí, kí àwọn tó ń máàkì lè fi tàwọn ọmọ wé e. Ọdún mẹ́fà ló ti pa dídán an wò tì. Inú ìwé ìtọ́ni ló ti ń da ìdáhùn kọ.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Gbogbo ẹ̀ ti rẹ́dì, àbí?" Ó ti fa bírò yọ.

Bí obìnrin yìí bá dákẹ́, tíṣà á kọ àwọ̀ ewé, ọgọ́ta ọmọ á kọ pupa, wọ́n á gbòdo níbẹ̀, wọ́n á sì pè wọ́n ní olódo. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mi ò ní í purọ́ fún yín, ó fẹ́ dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó kọ ọ́."

"Kí ni mo fẹ́ dán wò nínú iṣẹ́ ọwọ́ yín, Màmá? Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre."

Ìyá Láàbù mú túùbù kan. Ó bu omi náà sínú túùbù, ó kán kọ́sítíìkì sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa silẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì.

"Àná lẹ pò ó?"

"Àná ni, sà. Ó rẹ̀ mí."

Adébánjọ ò pariwo. Ó kọ pupa sínú fọ́ọ̀mù, ó sì fa ìwé mìíràn yọ. "Màá ṣàlàyé fún àwọn tó ń máàkì, àwọn ọmọ ò ní í pàdánù. Ṣùgbọ́n wọ́n máa béèrè ẹni tó pò ó. Mi ò lè fi orúkọ yín sílẹ̀ o."

"Ẹ kọ ọ́, sà." Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ nítorí àwọn ọmọ, ojú sì ń tì í.

Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ náà dé ibi kan, ó dúró, ó gbójú sókè. "Màmá, ẹ má bínú. Kí lorúkọ yín gan-an?"

"Rodiat Abórìṣàdé."

Tíṣà ní kó tún un pè. Ó sì tún un pè fún un, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi kọ ọ́ tán.