Gbólóhùn Kan Tí N Kò Túmọ̀

Òórùn ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun igi abẹ́ ojú irin, tí oòrùn ọ̀sán bá ti pa á, ni mo máa ń rántí bí wọ́n bá dárúkọ gáà ọkọ̀ ojú irin Tchaourou, òun àti òórùn iṣu tuntun tó ń dúró de ọkọ̀ Cotonou. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin níbẹ̀ láyé Révolution, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ń ṣèjọba, tí gbogbo wa ń jẹ́ camarade. Ọmọdé ṣì ń ṣe mí, Faransé sì dá ṣáká lẹ́nu mi. Mo gbọ́n lójú ara mi, ọ̀rẹ́ mi!

Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ ojú irin mẹ́ta wá kí wa láti Ìlọrin, ní Nàìjíríà, kí ẹgbẹ́ tiwọn àti tiwa lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá kan tí ẹgbẹ́ òṣèlú rán wá láti Cotonou jókòó tì wá. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mò ń túmọ̀ fún un. Inú wa dùn. A ti ń bi ara wa léèrè ilé baba ẹni. Ni àlejò kan bá béèrè bí a ṣe ń yan akọ̀wé wa. Àgbà kan tó ń tún ojú irin ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní tonton bí àbúrò bàbá wa, dìde.

"Donc, àwa kọ́ la yàn án," ó ní. "Òkè ni wọ́n ti gbé e wá bá wa. Ọmọ dáadáa ni o, àmọ́ kò lè bá wa bá wọn jà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, nítorí òótọ́ ni. Ọ̀gá yẹn yíjú sí mi: "Camarade, kí ló wí?" Mo lè sọ fún un pé ó ń kí àwọn àlejò ni. Tonton ti rò pé ilé la wà, pé ohun tó bá fi Yorùbá sọ, àárín ẹbí ni yóò wà. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan sílẹ̀, àfi "ọmọ dáadáa ni".

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí wọ́n fi lé tonton kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Bétérou, ó lọ ń kọ ebè iṣu. Nígbà tó wá dágbére, kò bá mi jà. "Kò burú, ọmọ mi," ló wí. Èmi ń to bébà lórí tábìlì, n kò gbójú sókè.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, lẹ́tà dé láti Ìlọrin. Wọ́n ní kí ẹni méjì nínú wa wá, kí a jọ parí ọ̀rọ̀ àjọṣe wa, kí tonton sì jẹ́ ọ̀kan. Kí ni mo fẹ́ kọ? Ojú tì mí, n kò fèsì. Wọ́n tún kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́.

Mo kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Bí àwọn ará ibi iṣẹ́ wa àtijọ́ bá ń sọ pé ààlà ni kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìhín àti ti ọ̀hún ṣọ̀kan, n kì í dá sí i. Lẹ́tà méjèèjì kọjá ààlà láyọ̀. Èmi ni wọn ò rí kọjá.