Ohun Tí Lìádì Kọ Fún Mùjíbátù

Ẹ gbọ́, ẹ ò gbọdọ̀ má gbọ́ ti Mùjíbátù, ìyá àgbà tó ń dáko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Akanran!

Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ nítorí eéwo. Kò tíì délé tí ètè rẹ̀ fi wú bí ẹni tí oyin ta, ara rẹ̀ sú látòkè délẹ̀, èémí ò wọlé dáadáa mọ́. Lìádì ọkọ rẹ̀ gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó fi ọ̀já so ó mọ́ra bí ọmọ, ó di ọsibítù. Dókítà ní ara rẹ̀ ló kọ abẹ́rẹ́ náà. Bó bá tún gbà á, ó lè bá a lọ. Lìádì ní kí wọ́n pe orúkọ oògùn náà fún òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilé kéú nìkan ló lọ, lẹ́tà Lárúbáwá ló sì fi kọ ọ́. Ó ní kí aránbàtà rán ìwé náà sínú awọ kí òjò má bà á jẹ́, ó wá fi kọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn.

"Àmọ̀kẹ́, bí n ò bá sí nílé, èyí ni yóò máa gbẹnu sọ fún ọ."

"Ẹnu tèmi ńkọ́?"

"Èyí tó wú bí búrẹ́dì yẹn?"

Lìádì ti kú tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ́ bu Mùjíbátù lẹ́sẹ̀, ó gba ilé ìwòsàn kékeré kan lọ. Nọ́ọ̀sì Olúwabùkọ́lá ti fa abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Màmá, ṣé oògùn kan wà tí ara yín kì í gbà?"

"Ó wà. Orúkọ rẹ̀ ni mi ò rántí mọ́. Òun nìyí." Ó na awọ ọrùn rẹ̀ sí i.

"Ẹ bọ́ tírà yẹn o. Jésù là ń pè níbí."

"Tírà kẹ̀? Ọkọ mi ló ń bá ọ sọ̀rọ̀! Bí o ò bá kà á, n ò gba nǹkan kan."

Ó mú sísọ́ọ̀sì orí tábìlì, ó tú òwú tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn látọjọ́ tí Lìádì ti lọ. Nọ́ọ̀sì wo ìwé inú rẹ̀ títí, kò lè kà á. Kaothar, ọmọbìnrin ilé kéú kan tó wá gba oògùn ikọ́, ló tẹjú mọ́ ìwé náà.

"Bẹ... ni... sí... líìnì."

Nọ́ọ̀sì rọra gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Pẹnisílìnì! Òun gan-an ló wà lọ́wọ́ mi yìí, Màmá!"

Mùjíbátù ò tilẹ̀ gbọ́. Ìka rẹ̀ ń tọ ìlà náà. "Ẹ wo ọwọ́ ọkọ mi," ó ní. "Bó ṣe máa ń tẹ kálàmù nìyẹn."

Yíǹkì pupa ni nọ́ọ̀sì fi kọ orúkọ oògùn náà síwájú káàdì Mùjíbátù báyìí, Kaothar sì da lẹ́tà Lìádì kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá ní Akanran, ẹ ní kí ìyá náà fi káàdì yẹn hàn yín. Ẹ lọ fojú ara yín rí i!