Dókítà fi tẹ̀sùbáà ka àṣìṣe mi

Ẹ gbà mí o, tẹ̀sùbáà ni Dókítà fi ka àṣìṣe mi lórí pápá lónìí!

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Mẹ́kà la bá àwọn ará Jẹ́dà gbá bọ́ọ̀lù ní Kudai, àdúgbò kan ní Mẹ́kà níbí, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Góòlù kan ṣoṣo tí a jẹ, èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo ṣì ń nu òógùn lọ́wọ́ nígbà tí Dókítà, àgbà tó ń ra bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ wa, dìde.

"Fi góòlù yẹn sílẹ̀ jàre. Ìgbà mọ́kànlélógún ni bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Mo kà á."

Ó na tẹ̀sùbáà sókè bí ẹni mú ẹ̀rí wá síwájú adájọ́. Tẹ̀sùbáà tí a fi ń ṣe àsíkìrì!

Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti lọ gbá Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, gbogbo ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n ló ti di kóòṣì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, góòlù mélòó ni tẹ̀sùbáà yín jẹ?"

Kápúténì wa ló kọjú sí, ó ní kó yọ mí ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kó fi Ràṣíìdì, àbúrò ìyàwó òun, sí iwájú. Kápúténì sì ń mi orí bí alángbá!

Mo ní, "Ràṣíìdì náà gbá bọ́ọ̀lù lónìí. Ìgbà mélòó ló bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀?"

Dókítà wo tẹ̀sùbáà, ó wò mí.

"Tẹ̀sùbáà kan ṣoṣo ni mo mú wá."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sọ tiyín. Ṣé kí n lọ jókòó ti Dókítà ní Jímọ̀? Tẹ̀sùbáà tèmi ti wà lápò.