Bisikíìtì Tí Mo Fi Ń Tan Ọmọ

Òórùn omi ìfọlẹ̀ àti èèpo ọsàn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní jẹ́lé-ó-sinmi tí mo ń mú ọmọ ọmọ mi lọ ní Castle Hill, nílùú òyìnbó. Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn kóòtù tútù, nítorí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń fi kóòtù àwọn ọmọ kọ́ sí, wọ́n sì ya àwòrán ẹranko kan sókè ìkọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìjàpá ni wọ́n fún tiwa. Inú mi kò dùn sí i, nítorí ọmọ náà yá lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni mí.

Ọmọbìnrin mi, ìyá ọmọ náà, ló ní kí n wá. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìwòsàn, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Oṣù mẹ́fà ni físà fún mi láti lò, mo sì ti lo mẹ́rin àti ààbọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ẹ̀yìn mi ni ọmọ ọdún méjì àbọ̀ yìí ń gbé. Bí mo bá padà sílé, kò sí ẹni tí yóò máa mú un dání. Nítorí náà, jẹ́lé-ó-sinmi gbọ́dọ̀ mọ́ ọn lára kí ọjọ́ mi tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá rẹ̀ yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn ni mo gbé sọ́kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ rí mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í dágbére fún ọmọdé. Ẹni tó bá dágbére fún ọmọdé, ẹkún ló ń wá. Èèyàn á fún un ní nǹkan jẹ, ojú rẹ̀ á kúrò lára èèyàn, èèyàn á sì yọ́ jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yọ bisikíìtì nínú àpò mi, mo ní, "Jókòó síbí, mo fẹ́ lọ ra òmíràn wá." Ó jókòó. Mo gbẹ́sẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Tíṣà wọn tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. "Rárá o, Grandma," ló wí. "Ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ." Èdè Spanish ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, òyìnbó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju tèmi lọ, bóyá ìdí nìyẹn tó fi yé mi.

Mo ní, "Á sunkún."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó sunkún."

Mo wò ó títí. Ta ló ń gbowó ìtọ́jú ọmọ tó tún ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹkún? Mo kúkú lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi yọ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú ni bí ọmọ náà ṣe dà nílé. N kò lè dá wọ ilé ìwẹ̀ mọ́. Bó bá sùn, ó di etí ìró mi mú, bí mo bá fẹ́ fà á yọ, ojú rẹ̀ á là. Mo rò pé ẹnìkan ń já a léèékánná níbẹ̀. Mo bọ́ aṣọ rẹ̀, mo yẹ ara rẹ̀ wò látòkè délẹ̀, n kò rí nǹkan kan.

Ní Sátidé, tí kò sí ilé ìwé, mo ṣí agolo bisikíìtì, mo na ọ̀kan sí i. Ọmọ tó fẹ́ràn bisikíìtì bí ojú wọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì so mọ́ ẹsẹ̀ mi. "Má lọ ra. Màmá, má lọ ra." Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bisikíìtì lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin mi ń dín dòdò. Kò wo ẹ̀yìn. "Mọ́mì, ó ti mọ̀ pé bí ẹ bá ti mú bisikíìtì jáde, ẹ fẹ́ sá lọ nìyẹn."

"Ta ló sá? Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe tọ́ ìwọ."

"Mo mọ̀," ló wí, ó ń yí dòdò padà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gúgúrú ni tèmi."

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé. Nígbà yẹn, mo ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń la ọ̀nà ní ìgbèríko, mo sì gbé e sọ́dọ̀ ìyá mi. Mo ra gúgúrú fún un, mo ní mo ń lọ wá ẹ̀pà tí a ó fi jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo tó padà. Ọmọbìnrin mi rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni tàbí ẹjọ́. Títí di òní n kò mọ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo kúnlẹ̀ lábẹ́ ìjàpá náà, orúnkún ń dùn mí. Mo ní, "Mo ń lọ sílé. Bí o bá jẹun tán, tí o sùn, tí o jí, màá wá mú ẹ." Ó ké bí ẹni tí wọ́n nà. Tíṣà gbé e. Bọ́ọ̀sì méjì kọjá lára mi ní ibùdókọ̀, n kò wọ ọ̀kankan. Mo ń bi ara mi pé ọgbọ́n wo nìyí, kí èèyàn sọ òtítọ́ kí ọmọ sì máa ké. Nígbà tí àwọn ọmọ jí, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú mi níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wò ó bóyá èmi gan-an ni.

Ẹkún náà ń kúrú díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kóòtù kọ́, ó ní, "Ó dàbọ̀, Màmá," ó sì lọ síbi tí wọ́n ti ń to pákó ìṣeré. Èmi ni mo dúró síbẹ̀, apá mi ṣì ṣí sílẹ̀. Ohun tí mo bá wá ni mo rí, kí ló wá dé tí ọkàn mi fi ṣófo?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo sọ fún un pé n kò ní wá mú un lónìí. "Bí mo bá sùn tí mo jí ńkọ́?" Mo ní rárá. "Bí mo bá tún sùn?" Mo ní kò tíì yá. Àwa méjèèjì la jọ sunkún lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tíṣà sì jẹ́ ká sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé ẹkún ìdágbére kì í pẹ́ bí ẹkún ẹni tí kò mọ ìgbà tí wọ́n fi òun sílẹ̀ lọ. Mo rò ó bẹ́ẹ̀. N kò lè búra.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, mo yọ ọ̀rá kékeré kan nínú àpò mi. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà ní Castle Hill ni mo ti rà á, mo sì tún un yan nílé. Mo fi lé ọmọbìnrin mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀pà rẹ rèé," ni mo wí. "Mo ń lọ o."

Ó wò ó. Ó tú ọ̀rá náà, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì gbé ojú sókè títí wọ́n fi pe èrò ọkọ̀ mi.